Oúnjẹ Ọmọ Tó Ń Kọ́ Kàrátè: Ohun Tí A Lè Gbà Lọ́wọ́ Àwọn Ará Ṣáínà àti Ohun Tí A Ó Fi Sílẹ̀ Fún Wọn

Oúnjẹ àwọn ọmọ tó ń kọ́ kàrátè, taekwondo àti kung fu ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lọ́tẹ̀ yìí.

Ẹni tó bá gba Post Office kọjá nílùú Ìlọrin wa yìí ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, lè pàdé wọn: ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin oníhíjáàbù, aṣọ funfun lọ́rùn, bẹ́líìtì ní ìbàdí, tí wọ́n ń ti ibi ìgbáradì bọ̀. Òógùn ti gbẹ mọ́ wọn lára, ebi sì ń pa wọ́n. Ohun tí ojú wọn bá kọ́kọ́ bà ni wọn ó rà: búrẹ́dì funfun àti mínírà, bàrà tí wọ́n ti là sílẹ̀ láti àárọ̀ tí eṣinṣin ń bà lé, tàbí energy drink inú agolo. Wọn á dé ilé tán, wọn ò ní lè jẹ oúnjẹ alẹ́.

Ìbéèrè mẹ́ta ló rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní, ṣé ẹ̀kọ́ tó ti ilẹ̀ Ṣáínà wá kò ní ba ìmàní ọmọ jẹ́? Èkejì, kí ni ká máa fún un jẹ? Ẹ̀kẹta kì í sábà ti ẹnu òbí jáde. Àwọn ọmọ fúnra wọn ló ń fi í lọ ara wọn: báwo ni mo ṣe lè já kílò mẹ́ta kí ìdíje tó dé? Ẹ̀kẹta yìí ló ń pa èèyàn, òun la ó sì fún ní àyè jù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá

Tao túmọ̀ sí ọ̀nà ní èdè Ṣáínà. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún tí àwọn èèyàn ti ń tẹ̀lé ẹ̀kọ́ yìí níbẹ̀. Wọ́n gbà pé ohun gbogbo ní ìhà méjì tó ń gbé ara wọn ró: èyí tó tutù ni yin, èyí tó gbóná ni yang. Àmì rẹ̀ ni òbìrí dúdú àti funfun tí ẹ máa ń rí lára aṣọ àti ògiri ibi ìgbáradì, tó dà bí ẹja méjì tí wọ́n ká mọ́ ara wọn. Irú òbìrí bẹ́ẹ̀ ló wà láàrin àsíá South Korea. Nínú taekwondo tí wọ́n ń ṣe ní Olympic, èyí tí Chika Chukwumerije fi gba àmì ẹ̀yẹ idẹ fún Nàìjíríà ní Beijing lọ́dún 2008, Taegeuk ni wọ́n ń pe ẹ̀kọ́ mẹ́jọ tí ọmọ kọ́kọ́ ń kọ́, orúkọ òbìrí yẹn náà sì ni ní èdè Kòríà. Nítorí náà, bí ọmọ bá wọlé tó ní òun ti mọ Taegeuk kìíní, ẹ má jáyà. Bí a ṣe ń gbé ẹsẹ̀ àti bí a ṣe ń ju ẹ̀ṣẹ́ ló ń sọ, kì í ṣe àdúrà.

Gbogbo eré ìjà kọ́ ló ti ọwọ́ ẹlẹ́sìn Tao wá o. Òkè Wudang ni tiwọn. Shaolin tí fíìmù sọ di olókìkí, ti ẹlẹ́sìn Búdà ni. Erékùṣù Okinawa ní Japan ni kàrátè ti wá. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yin àti yang, ọ̀rọ̀ èémí, àti ọ̀rọ̀ pé kí oníjà ṣọ́ ohun tó ń jẹ, ó ti tàn ká gbogbo wọn.

Ẹ̀sìn Tao ní àwọn òrìṣà tirẹ̀, a ò sì ní nǹkan í ṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé ìjà Ṣáínà àti Ìsìláàmù kò lè gbé inú ilé kan náà, kó gbọ́ nípa àwọn Mùsùlùmí Hui ti Ṣáínà. Láàrin wọn ni wọ́n ti bí Wang Ziping ní 1881, nílùú Cangzhou. Nígbà tí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ ìjà ìbílẹ̀ ti ìjọba sílẹ̀ ní Nanjing ní 1928, òun ni wọ́n fi ṣe olórí ẹ̀ka Shaolin níbẹ̀. Mùsùlùmí ni, ó sì ń tọ́ eegun tó bá ṣẹ́. Ní 1960, nígbà tó ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún, wọ́n ṣì mú un lọ sí Burma kó lọ fi ìjà hàn wọ́n. Ó kú ní 1973. Ilẹ̀ tí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ti jẹ́ olórí ẹran ọjà ni irú wọn ń gbé, wọn kò sì jẹ ẹ́. Àwọn ilé oúnjẹ tiwọn máa ń kọ àmì hàláálì sí iwájú ilé. Agbára kò ti inú hàráámù wá.

Nípa títẹríba fún olùkọ́ tàbí fún àwòrán ara ògiri, kí òbí bá kóòṣì sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́ kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀. Kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún lé àyà, ìyẹn ti tó ìkíni. Kóòṣì tó bá kọ̀ jálẹ̀, kóòṣì mìíràn wà.

Ìwọ̀n

Sun Simiao ni oníṣègùn kan tó gbajúmọ̀ láàrin àwọn ẹlẹ́sìn Tao. Ó kú ní 682, ìyẹn àádọ́ta ọdún gééré lẹ́yìn tí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi ayé sílẹ̀ ní 632. Lára ohun tí Sun Simiao fi kọ́ àwọn èèyàn ni pé kí oníṣègùn kọ́kọ́ fi oúnjẹ tọ́jú aláìsàn kó tó na ọwọ́ sí oògùn, kí èèyàn má jẹun kó kún dé ọ̀fun, kó má sì sùn lé oúnjẹ, ṣe ni kó rìn díẹ̀ lẹ́yìn tó bá jẹun tán. Àwọn àgbà Okinawa náà ní tiwọn: bí ikùn bá gba mẹ́wàá, kí èèyàn dúró ní mẹ́jọ.

Àwa kò ní láti rìn jìnnà tó Ṣáínà kí a tó gbọ́ èyí. Súrà Al-A'ráf, àyà 31, pa á láṣẹ pé ká jẹ, ká mu, ká má sì kọjá ààlà. Nínú hádíìsì Miqdaam ọmọ Ma'dikarib tí Tirmidhi gbà wá, Ànábì jẹ́ ká mọ̀ pé oúnjẹ díẹ̀ tó lè gbé ẹ̀yìn ró ti tó ọmọ ènìyàn, bó bá sì fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó pín ikùn sí ọ̀nà mẹ́ta: ti oúnjẹ, ti omi, àti ti èémí.

Ìdá ti èémí yẹn ni kí oníkàrátè fi ọkàn sí. Bí èèyàn bá yó tán, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ á lọ sí ikùn láti bá a lọ oúnjẹ náà. Bó bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹsẹ̀ ní àsìkò yẹn, iṣan àti ikùn á máa fa ẹ̀jẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Òòyì, inú rírun tàbí èébì ló máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Kí oúnjẹ gidi ti wọlé ní wákàtí méjì sí mẹ́ta ṣáájú ìgbáradì. Bí àyè kò bá sí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì tàbí dàbínù mẹ́ta ti tó.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ka èyí kó wá dín oúnjẹ ọmọ kù. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá tó ń dàgbà tó sì tún ń ṣe eré ìjà nílò oúnjẹ ju baba rẹ̀ tó ń jókòó sí ọ́fíìsì lọ. Bí a bá ní kó má jẹ àjẹkì lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí ẹ̀ẹ̀márùn-ún lójúmọ́ ló yẹ kó máa jẹ díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ gbígbóná àti tútù náà wà lọ́dọ̀ wa. Nínú ohun tí Abu Dawud gbà wá láti ẹnu ìyá wa Aisha, Ànábì máa ń jẹ bàrà pọ̀ mọ́ dàbínù tútù, kí ìtútù èkíní lè ṣẹ́ gbígbóná èkejì. Àwọn onímọ̀ oúnjẹ òde òní kì í fi gbígbóná àti tútù wọn oúnjẹ, àmọ́ ẹ wo ohun tó wà nínú àwo náà: omi púpọ̀ láti inú bàrà, ṣúgà àti iyọ̀ ara láti inú dàbínù. Ohun tí òógùn kó lọ gan-an nìyẹn. Àwọn Mọ́là tó ń ta dàbínù pọ̀ ní ìgboro Ìlọrin, bàrà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n odindi ni kí ẹ rà, kí ẹ fọ èèpo rẹ̀ dáadáa kí ọ̀bẹ tó kàn án, nítorí ohun tó wà lára èèpo ni ọ̀bẹ máa ń gbé wọ inú. Èyí tí wọ́n ti gé sílẹ̀ sínú eruku àti èéfín ọkọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó gé e.

Wàrà sóyà, ẹran àwọn mọ́ńkì

Àwọn ọmọ tó ń wo fíìmù kung fu ti gbọ́ pé àwọn mọ́ńkì kì í jẹ ẹran, síbẹ̀ agbára wọn pọ̀. Ohun tí wọ́n ń jẹ dípò ẹran ni wọ́n ń pè ní tofu. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà dẹ́rù bà yín: wàrà sóyà ni, èyí tí àwọn obìnrin wa ń dín létí títì! Wọ́n á rẹ ẹ̀wà sóyà sínú omi, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á se omi rẹ̀, wọ́n á wá da nǹkan kíkan sí i kó lè dì. Omidùn ògì tàbí álọ́ọ̀mù ni àwọn tiwa ń lò. Irú òkúta funfun kan tí wọ́n lọ̀ kúnná ni ará Ṣáínà ń lò. Bẹ́ẹ̀ náà ni Fúlàní ń fi ewé bọmúbọmú mú wàrà màlúù dì. Àwọn ará Ṣáínà máa ń sọ ọ́ ní ìtàn pé Liu An, ọmọ ọba Huainan, ló kọ́kọ́ ṣe tofu. Ó kú ní ọdún 122 ṣáájú ìbí Ànábì Ísà, ìwé ńlá kan tí ẹ̀kọ́ Tao kún inú rẹ̀ sì ń jẹ́ orúkọ ìlú rẹ̀ títí dòní. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni ti tofu yẹn, kò ní ẹ̀rí. Ní ti àwa, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá ni sóyà dé Nàìjíríà, lẹ́yìn ìyẹn ni IITA ní Ìbàdàn ṣiṣẹ́ takuntakun lẹ́yìn ọdún 1985 kí ó lè dé orí iná àwọn ìyálé ilé.

Ohun tí a ń wá nínú rẹ̀ ni purotéènì, èròjà tó ń mọ iṣan tó sì ń tún un ṣe lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹni tó ń ṣe eré ìdárayá tó le nílò gíráàmù 1.2 sí 2 lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n. Ọmọ tó wọn kílò 40, ká ní 50 sí 60. Ẹyin kan ní bíi gíráàmù 6. Ẹ̀wà tí a sè tó kún ife kan ní bíi 15. Ẹja tó tó àtẹ́lẹwọ́ ní bíi 20. Ẹ wá ṣe ìṣirò: ẹyin méjì láàárọ̀, ife ẹ̀wà kan lọ́sàn-án, ẹja kan lálẹ́, wàrà díẹ̀ láàrin wọn, ó ti pé. Kò sí ohun tí agolo ìyẹ̀fun olówó gọbọi tó ya àwòrán abáramú sí ara fẹ́ fi kún un. Kí a má sì gbàgbé pé epo tí wọ́n fi dín wàrà lọ́nà lè ti wà nínú agbada láti àná. Bí ó bá ti dúdú, ẹ ra wàrà tútù kí ẹ lọ sè é nílé. Ẹni tó bá sì fẹ́ràn tìnkó, kó béèrè dáadáa irú ẹran tó jẹ́, nítorí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kò tọ́ sí Mùsùlùmí.

Ohun tí a ó fi sílẹ̀ fún wọn

Láàrin àwọn ẹlẹ́sìn Tao àtijọ́, àwọn kan gbà pé aràn mẹ́ta ń gbé inú ara ọmọ ènìyàn, pé ọkà ni wọ́n ń jẹ, wọ́n sì ń gé ẹ̀mí ẹni kúrú. Nítorí náà, wọ́n kọ gbogbo ọkà sílẹ̀: ìrẹsì, jéró, àlìkámà. Bigu ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ yìí ti wọ orí fóònù báyìí ní aṣọ tuntun, àwọn ọmọ wa sì ń gbọ́ pé kí oníjà má jẹ ẹ̀kọ, kó má jẹ àmàlà, kó má jẹ ìrẹsì. Irọ́ ni fún ọmọ tó ń dàgbà. Ṣúgà tó ti inú ọkà àti iṣu wá ni ara ń kó pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀, òun sì ni ẹsẹ̀ ń ná nígbà tó bá ń ta. Bí ìyẹn bá tán, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ iṣan tirẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń febi pa ara rẹ̀ tó sì ń ṣe ìgbáradì líle, nǹkan oṣù rẹ̀ lè dáwọ́ dúró, eegun rẹ̀ á sì máa rọ. Bí ẹ bá rí i pé nǹkan oṣù ọmọ yín tó ń ṣe eré ìjà dáwọ́ dúró, ẹ má kà á sí ìsinmi. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

Èkejì ni oògùn agbára. Àwọn ọba Ṣáínà kan gbé oògùn ẹ̀mí gígùn mì tí àwọn ẹlẹ́sìn Tao pò fún wọn, mẹ́kúrì sì wà nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀. Ọba Wuzong tó fẹ́ràn ẹ̀sìn Tao ju gbogbo ẹ̀sìn lọ kú ní 846 nídìí rẹ̀, kò tíì pé ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Lónìí, ìyẹ̀fun tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, tí ẹni tó ń tà á kò lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ìran oògùn yẹn ni. Paraga tí wọ́n ń gbé kiri pé ó ń mú ara le, ọtí ló wà nínú rẹ̀. Hàráámù ni kí a tó débi ẹ̀dọ̀. Energy drink kò ní ọtí nínú ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n agolo kékeré rẹ̀ tó jẹ́ 25cl sábà máa ń ní bíi mílígíráàmù 80 kaféènì, tó ń mú ọkàn ọmọ sáré. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ láti 2011 pé ọmọdé kò gbọ́dọ̀ mu ún rárá.

Jíjá kílò nítorí ìdíje

A wá dé ibi ẹ̀mí. Nínú eré ìjà, ìwọ̀n ni wọ́n fi ń pín àwọn oníjà. Ọmọ tó wọn kílò 51 á fẹ́ bá àwọn tó wà lábẹ́ 48 jà, kó lè jẹ́ òun ló tóbi jù láàrin wọn. Yóò dá oúnjẹ dúró, yóò dá omi dúró, yóò wọ ọ̀rá tàbí aṣọ òtútù nínú oòrùn, yóò máa sáré, yóò máa tutọ́ sínú ike. Ní òwúrọ̀ ìwọ̀n, ó ti wọn 48. Kílò mẹ́ta tó já yẹn kì í ṣe ọ̀rá ara. Omi inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni.

Ní oṣù Disẹ́ńbà 2015, oníjà ará Ṣáínà kan, Yang Jian Bing, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, ń já kílò báyìí fún ìjà kan ní Manila. Kò dé ojú ìjà. Ó ṣubú, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ó sì kú. Ẹgbẹ́ tó ṣètò ìjà náà, ONE Championship, yí òfin ìwọ̀n rẹ̀ padà lẹ́yìn ikú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà fi omi ara já kílò mọ́. Ní Amẹ́ríkà, láti Nòfẹ́ńbà sí Disẹ́ńbà 1997, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́ta tó ń ja ìjàkadì kú bẹ́ẹ̀ láàrin oṣù kan ó lé díẹ̀, wọ́n sì fòfin de aṣọ rọ́bà àti yàrá gbígbóná. Ọ̀dọ́ alágbára ni gbogbo wọn, kò sí ọ̀lẹ kankan nínú wọn.

Báwo ló ṣe ń pani? Bí omi bá dín nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á ki, ọkàn á máa sáré kó lè tì í. Òógùn tó yẹ kó tu ara á dín kù, ara á sì gbóná sí i. Kíndìnrín kò ní rí omi fi fọ ẹ̀jẹ̀. Iyọ̀ ara á dàrú, ìgbà yẹn ni ọkàn lè dáwọ́ dúró lójijì. Kí ó tó burú débẹ̀ pàápàá, bí ẹni tó wọn kílò 50 bá ti pàdánù kílò kan péré nínú omi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń lọ́ra, ojú rẹ̀ kò sì mú mọ́. Ó já kílò kó lè borí, ohun tó já yẹn ló máa gbé e ṣubú.

Ìmọ̀ràn wa kò pọ̀. Kí ọmọ jà ní ìpele tí ara rẹ̀ bá a mu. Bí kóòṣì bá ní kí ọmọ yín má mu omi, ẹ mú ọmọ yín kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ náà. Kò sí àmì ẹ̀yẹ tó tó ìyẹn. Kí ẹ ní òṣùwọ̀n nílé, kí ọmọ gun un kó tó lọ síbi ìgbáradì àti nígbà tó bá dé. Kílò kan tó dín kù jẹ́ lítà omi kan tó jáde, kó sì mu lítà kan àti ààbọ̀ padà díẹ̀díẹ̀ títí alẹ́. Kí ó máa wo ìtọ̀ rẹ̀ náà: bó bá pọ́n bí omi tíì, omi kò tó. Bí òógùn bá pọ̀ púpọ̀, ẹ po iyọ̀ àti ṣúgà: pure water méjì tó jẹ́ 50cl ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà tí a rẹ́ orí rẹ̀, àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀. Ẹ má fi iyọ̀ kún un ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí òòyì ń kọ́, tí ara rẹ̀ gbóná gan-an, tó ń sọ ìsọkúsọ, ẹ gbé e sí ibòji, ẹ bọ́ aṣọ ìjà kúrò lọ́rùn rẹ̀, ẹ da omi tútù sí i lára, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má rọ omi sí i lẹ́nu bí kò bá mọ ara rẹ̀.

Nígbà àwẹ̀

Àwẹ̀ Rámàdánì kì í ṣe àsìkò jíjá kílò, ọmọ tó bá fi àwẹ̀ bojú láti já kílò ti ba èrò inú rẹ̀ jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ máa ṣe ìgbáradì, kó ṣe é ní ìwọ̀nba ní nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí ṣáájú ìṣínu, kí omi lè tètè kàn án lọ́nà ọ̀fun, tàbí lẹ́yìn Tàráwíìhì. Kí ó fi dàbínù àti omi ṣínu, kó kírun Mọ̀gáríbà, kó tó jókòó ti oúnjẹ gidi. Sààrì kò ṣeé fò: ẹ̀kọ pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín tàbí tùwó pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja á dúró nínú ju tíì àti búrẹ́dì lọ. Ẹni tí àárẹ̀ bá ká mọ́ tó fi ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ dákú, kó ṣínu. Àyà 185 nínú Súrà Al-Baqarah ti fún aláìsàn láyè láti san án padà ní ọjọ́ mìíràn.

Ìmọ́tótó

Ọwọ́ tó kan ilẹ̀, tó kan ẹsẹ̀ ẹlẹ́gbẹ́ ẹni, tó sì kan máàtì, òun ni àwọn ọmọ fi ń jẹ suya ní Post Office! Kí ọmọ mú ọṣẹ kékeré dání nínú báàgì. Kí èékánná ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wà ní kúkúrú. Súnnà ni, ó sì ń dáàbò bo ojú ẹni tó ń bá a jà. Làpálàpá máa ń ràn lórí máàtì gan-an, nítorí náà kí ó má bá ẹnikẹ́ni lo táwẹ̀lì kan náà, kó sì wẹ̀ bó bá ti délé. Àlùwàlá kò rọ́pò ìwẹ̀ nínú èyí. Ẹni tí làpálàpá bá ti yọ sí lára, kó dúró sílé títí yóò fi gbẹ, kó fi oògùn tí dókítà tàbí apòògùn bá fún un pa á.

Ẹ fọ aṣọ ìjà ní ọjọ́ tí wọ́n bá lò ó, kí ẹ sì sá a sí oòrùn. Ẹ fọ bẹ́líìtì náà. Àwọn oníkàrátè kan gbà pé bí a bá fọ bẹ́líìtì, agbára inú rẹ̀ á bá omi lọ; ìdí nìyẹn tí òórùn tàwọn mìíràn fi máa ń ṣáájú wọn wọlé. Kò sí agbára kankan nínú bẹ́líìtì, òógùn ọdún méjì ló wà níbẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ, kí ẹ fi rẹ ẹ́ fún ààbọ̀ wákàtí, kí ẹ tó fi ọwọ́ fọ̀ ọ́.